Sí ẹ̀yin admin gúrúpù àwọn oníṣẹ́ sólà nílẹ̀ Òkun: ẹ bá wa gba àbọ̀

Sí ẹ̀yin tó ń bójú tó gúrúpù WhatsApp àti Telegram àwọn oníṣẹ́ sólà, ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) àti wáyà iná, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Kogí,

Òkun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí kò lówó oṣù, orúkọ yín kì í sì í jáde àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ẹnìkan kúrò. Ẹ̀sùn kọ́ la gbé wá.

Ìmọ̀ kò wọ́n nínú àwọn gúrúpù wa. Èèyàn náà kò wọ́n. Àbọ̀ ló wọ́n. Ẹnìkan á béèrè ìbéèrè tí kò kún, àwọn èèyàn á dá a lóhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn nǹkan kan, ẹni tó béèrè á sì gba ibẹ̀ lọ. Kò ní padà wá sọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á béèrè ohun kan náà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ẹ wo èyí. Irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí yín:

"Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ínfátà oníbàárà mi kan ń ké, ó sì ń kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdáhùn á ti kún ibẹ̀. Ẹnìkan á ní bátìrì ti lọ, kó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹnìkan á ní irú ínfátà yẹn kò dára láti ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó béèrè kò tíì sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹnìkan á ní kó pe òun ní ìkọ̀kọ̀. Láàrin ìyẹn, àdúrà oṣù tuntun á wọlé, àwòrán páńẹ́lì títà á wọlé, òṣèlú á tẹ̀lé wọn. Ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ yìí dénú á kà á, á mi orí, á sì fi fóònù rẹ̀ sápò. Kò sí ohun tó lè sọ, torí wọn ò fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní oríta ní Kàbà, tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà dà?", tí kò sọ bóyá Lọ́kọ́ja ló ń lọ tàbí Òkéènè tàbí Ìsánlú, èwo ni kí wọ́n fi hàn án nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí ẹni kan náà tún ìbéèrè rẹ̀ kọ:

"#infata. Ínfátà 24V, 3.5kVA. Bátìrì tubular 220Ah méjì ní síríìsì, wọ́n ti lò ó fún ọdún méjì. Ó ń ké tí pọ́ǹpù omi 1HP bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń kú bí pọ́ǹpù bá ṣe ń gbéra. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gbé bátìrì lọ sí yàrá kejì. Láìsí ẹrù lórí rẹ̀: 25.4V. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́: 24.6V lórí òpó bátìrì, 22.3V lẹ́nu ínfátà. Kébù bàbà 16mm², mítà méjì lílọ, mítà méjì bíbọ̀. Mo ti fọ òpó bátìrì, kò yàtọ̀."

Ìyẹn kò gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti 25.4V sí 24.6V, bátìrì méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú 0.8V. Pọ́ǹpù 1HP á máa fa nǹkan bíi 50A láti ọ̀dọ̀ bátìrì 24V, torí náà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn bójú mu. Bátìrì kò tíì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí òpó bátìrì dé ẹnu ínfátà, 2.3V ló sọnù. Ṣé kébù ló jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kébù bàbà 16mm² ní nǹkan bíi 1.15mΩ nínú mítà kan. Mítà mẹ́rin jẹ́ 4.6mΩ. Tí a bá fi 50A lù ú, 0.23V ni. Kébù kò jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Èyí tó kù wà lójú oríkèé kan: lọ́ọ̀gì (irin orí kébù tí nọ́ọ̀tì ń dè mọ́ òpó) tí wọ́n fi píláyà tẹ̀ dípò ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ rẹ̀, tàbí nọ́ọ̀tì tí kò fún, tàbí inú bíréká. 2V tó ń sọnù lójú kan ṣoṣo pẹ̀lú 50A jẹ́ 100W ooru. Ẹ ronú gílóòbù 100W àtijọ́ tó ń tàn nínú lọ́ọ̀gì tí kò tó ìka ọwọ́.

Ìdáhùn tó yẹ ẹni yìí kò ju ìlà méjì lọ. Kó gbé mọ́tímítà sí DC, irú iná tó ń ti bátìrì àti páńẹ́lì wá. Kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kó wá wọn oríkèé kọ̀ọ̀kan, kó fi ọ̀pá kan kan òpó tàbí nọ́ọ̀tì, kó fi èkejì kan bàbà kébù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ju 0.1V lọ ni kó tú lẹ́yìn tó bá ti pa gbogbo ẹ̀rọ, kó tún lọ́ọ̀gì fún.

Nọ́ḿbà kan ṣoṣo ló gba bátìrì méjì là níbẹ̀: 22.3V ẹnu ínfátà. Ká ní kò wọn ibẹ̀ ni, bátìrì ni gbogbo wa ì bá dá lẹ́bi. Oníbàárà ì bá ra méjì tuntun, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta bátìrì lóde òní. Ínfátà náà ì bá sì tún máa ké.

Ohun àkọ́kọ́ tí à ń bẹ̀ yín fún nìyẹn: ẹ gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè kan kalẹ̀, kó má gùn. Kí ló yẹ kó ṣe, kí ló ń ṣe? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn ṣáájú ìgbà náà? Kí làwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sára wọn? Kí lo wọ̀n, ibo lo ti wọ̀n ọ́n, kí ló ń ṣiṣẹ́ lákòókò náà? Kí lo ti gbìyànjú? Ó tán. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ogún ìlà, torí kò sẹ́ni tó máa kún un. Nínú gbogbo rẹ̀, "kí ni wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn" làwọn èèyàn ń fò jù, torí ó lè jẹ́ ọwọ́ àwọn fúnra wọn ni. Òun náà ló sì ń tú àṣírí jù.

Kí ẹ sì máa ṣọ́ ẹni tó ń béèrè oògùn láìsọ àìsàn. Ẹnìkan á wọlé, á ní ibo lòun ti lè rí fíùsì 200A rà. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta wọ́n á ti júwe ṣọ́ọ̀bù fún un. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń jó 100A tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí admin tó wà nítòsí kọ́kọ́ béèrè pé "kí lo fẹ́ fi ṣe?" kí ẹnikẹ́ni tó júwe ọjà. Ìbéèrè kan péré yẹn ti yọ ọ̀pọ̀ ilé kúrò lẹ́nu iná.

Àwòrán ńkọ́? WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara páńẹ́lì á sì di ẹ̀fọ́. Kí wọ́n nu eruku ibẹ̀, kí wọ́n pa iná fóònù torí ó máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lára àmì tó ń dán, kí wọ́n wá fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì tàbí kí wọ́n tẹ HD. Àwòrán mẹ́ta tó: àmì ara ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú nọ́ḿbà àṣìṣe tó gbé wá, àti ibi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀. Fídíò kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, torí ẹni tó wà lábúlé kan lẹ́yìn Mọ̀pà, tí nẹ́tíwọ́kì ń mì lọ mì bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dúró de 40MB. Kí orúkọ oníbàárà, nọ́ḿbà ilé àti ibi tó ń gbé má sì hàn níbẹ̀. Ilé tí bátìrì lithium wà jẹ́ ohun tí olè fẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló tún kù, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀, torí tiwa nílẹ̀ Òkun ní ìṣòro tirẹ̀. Ará Owé wà láàrin wa, Ìyàgbà wà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn ará Ebira àti Haúsá tó ń bá wa ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú wa dùn sí i pé kálukú ń sọ èdè ilé rẹ̀, a ò sì fara mọ́ àwọn tó ní òyìnbó nìkan ni ká máa sọ. Ẹlòmíràn mọ iṣẹ́ yìí débi pé ó lè tú ínfátà jọ lójú òkùnkùn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó sọ ọ́ lóyìnbó, á kàn dákẹ́, àdánù tiwa sì ni. Kó máa sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin ní àbùkù méjì. Ẹni tó wà lórí òrùlé kò lè gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lè wá a rí lóṣù mẹ́ta òní. Fóònù ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bátìrì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan ni kó jẹ́ òpin ohùn, kí ẹni tó sọ ọ́ sì tẹ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀: ẹ̀rọ wo ni, kí ló ń ṣe é, kí ni kí wọ́n ṣe sí i. Bí òun fúnra rẹ̀ kì í bá tẹ̀wé, kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá a tẹ̀ ẹ́.

Nípa wíwá kan náà, ẹnìkan á kọ battery, ẹnìkan batiri, ẹnìkan batry. Ẹni tó bá wá ọ̀kan kò ní rí àwọn yòókù. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, ẹ kọ ọ́ lọ́nà kan láìsí àmì ohùn kankan, kí gbogbo ìbéèrè máa fi ọ̀kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: #batiri, #infata, #kontirola, #panel, #waya, #eto. Mẹ́fà tó. Bó bá di ogún, kò sẹ́ni tó máa rántí wọn.

Ní ti ìdáhùn, ohun mẹ́ta la ń fẹ́. Kí ẹni tó ń dáhùn fa ọ̀rọ̀ tó ń dáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè so mọ́ ọn, torí tí ìbéèrè méjì bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, "ẹ gé e kúrò" lè di ewu fún ẹni tí wọn ò bá wí. Kó sọ bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí tàbí ó kàn ń rò ó. Ìtìjú kò sí nínú "mo rò pé". Kó sì jẹ́ pé àyẹ̀wò kan ló máa ní kí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohun tí èsì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí: "Yọ páńẹ́lì kúrò lára rẹ̀ lálẹ́, wọn bátìrì láàárọ̀. Tí 12V kan bá wà ní 12.7, ó kún. Tó bá wà ní nǹkan bíi 12.2, ó ti dé ìlàjì. Tí ọ̀kan bá wà ní 12.6, tí èkejì wà ní 11.8, ọ̀kan ti ń fa èkejì lọ sísàlẹ̀." Ẹni tó bá kọ nǹkan méje sí i lẹ́ẹ̀kan náà, oníbéèrè á ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo nínú méje ló tún un ṣe.

A wá dé ibi tó ń dùn wá jù. Láàrin wa, ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn gbà-á-gbà-á, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àgbà. Ẹ mú ọ̀gá kan tó ti fi ogún ọdún ṣe bátìrì olómi. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sí bátìrì tubular tí kò lè jí dìde. Ẹnìkan wá béèrè nípa lithium 24V. Ọ̀gá ní kí wọ́n tan equalise lára kọ́ńtírólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì), bó ṣe máa ń ṣe fún ti olómi. Equalise lè gbé bátìrì olómi méjì dé nǹkan bíi 31V, omi inú rẹ̀ á máa hó, ó sì ń ṣe é lóore. Lithium irú LiFePO4 tí wọ́n ń pè ní 24V ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, 3.65V sì ni òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mẹ́jọ lù ú, 29.2V ni. Ní 31V, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 3.9V. BMS inú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, á já iná, oníbàárà á wà nínú òkùnkùn, wọ́n á sì ní bátìrì ló bàjẹ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan wà nínú gúrúpù tó ka ìwé ẹ̀rọ náà lánàá, ó sì mọ̀. Ó dákẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń bá ọ̀gá òun jiyàn lójú èèyàn ọ̀ọ́dúnrún?

Ẹ̀yin admin lẹ lè ṣí ọ̀nà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú ọ̀gá má sì ti í. Ẹ fi í sínú òfin pé nọ́ḿbà la ń bá jiyàn, ènìyàn kọ́, ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe gbé e: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ sà, 29.2V ni mo rí lára àmì bátìrì yìí. Àwòrán rẹ̀ rèé. Àbí mi ò kà á dáadáa?" Ẹni tó bá sọ ọ́ báyìí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, òótọ́ sì ti wà lójú gbogbo ayé. Kí ẹ̀yin náà tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọdé bá tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe làwọn yòókù máa wò, wọn kò ní ka òfin. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n bú u lọ́jọ́ yẹn, kò tún sí ọmọdé tó máa sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ìmọ̀ràn kan wà tí kò gba pẹ̀lẹ́. Kí ẹnìkan ní kí wọ́n yọ BMS kúrò, kí wọ́n so bátìrì tààrà. Kí ẹnìkan ní kí wọ́n yọ fíùsì torí ó ń yọnu. Kí ẹnìkan ní kí wọ́n lo bíréká AC (ti iná ilé) sórí ìlà páńẹ́lì torí kò wọ́n. Kí ẹnìkan ní kí wọ́n fa MC4 (ojú ìsopọ̀ wáyà páńẹ́lì) yọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iná AC 50Hz máa ń dé òdo nígbà ọgọ́rùn-ún láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná tó ń fò láàrin ojú bíréká rí àyè kú. DC kì í dé òdo. Bí a bá fà á yọ, iná á máa fò láti ojú kan sí èkejì títí ike á fi yọ́. Oòrùn kò sì ní ṣíwíìṣì tí a lè pa. Bí irú ìmọ̀ràn yìí bá wọlé, ẹ yọ ọ́ kúrò fún gbogbo èèyàn, WhatsApp fún admin lágbára yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kí ẹ dákẹ́. Ẹ kọ sípò rẹ̀ pé kí ni wọ́n sọ, kí sì nìdí tó fi léwu, láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti kà á ṣáájú ti gun òrùlé lọ nìyẹn.

Ó wá ku àbọ̀. Òfin kan: ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ padà wá láàrin ọjọ́ méje. Ìlà mẹ́ta ni. Kí ló fà á? Kí lo ṣe? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti tán? Ẹni ìṣáájú yẹn á kọ pé: "#infata ÀBỌ̀. Lọ́ọ̀gì òdì bátìrì kejì ló tú nínú, 1.9V ń sọnù níbẹ̀. Mo gé e, mo fi ẹ̀rọ tẹ òmíràn. Ní báyìí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ẹnu ínfátà wà ní 24.2V, kò ké mọ́." Ẹ wo bí ìyẹn ti wúlò tó ju ọgọ́rùn-ún "ẹ ṣeun ọ̀gá" lọ. Kódà bí kò bá yanjú, kó padà wá sọ bẹ́ẹ̀. "Mo pààrọ̀ bátìrì, ó ṣì ń ké" jẹ́ àbọ̀ tó dára púpọ̀, torí ó ti ti ilẹ̀kùn kan.

Kí ọ̀kan nínú yín máa gba àlẹ́ Sátidé wo àwọn ìbéèrè tí kò ní àbọ̀, kó fọwọ́ kan ẹni tó béèrè lórí ìbéèrè rẹ̀ gan-an, lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú àwàdà díẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ wá ní àbọ̀ méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ìbéèrè kẹta rẹ̀ lóhùn kó tó san án. Ó lè dà bí ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n fún un, ẹlòmíràn ló fi bátìrì tirẹ̀ rà á.

Kí ẹ sì máa kó àbọ̀ jọ síta. Fóònù á sọnù, WhatsApp ẹlòmíràn á pa rẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sì í sábà rí ohun tí a ti sọ kó tó dé. Google Sheet kan tí gbogbo èèyàn lè kà, tí admin nìkan lè kọ nǹkan sí, tó. Òpó márùn-ún ni kó ní: ọjọ́, irú ẹ̀rọ, ohun tó ń ṣe, nọ́ḿbà tí wọ́n wọ̀n, ohun tó tún un ṣe. Ẹ̀yin tó wà lórí Telegram ní àǹfààní kan: ẹ lè ṣí ìtàn gúrúpù fún ẹni tuntun, ẹ sì lè la gúrúpù sí orí ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí bátìrì ní yàrá tirẹ̀, kí ọjà títà ní tirẹ̀.

Kì í ṣe ìṣòro nìkan ló yẹ kó kó wa jọ. Ẹ mú wákàtí kan lọ́sẹ̀, ká fi Ọjọ́bọ̀ agogo mẹ́jọ alẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó ń pa irú ìjíròrò yìí ni kí wọ́n kàn ní "lálẹ́ òní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa páńẹ́lì". Gbogbo èèyàn á dákẹ́. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ ti gbé ìbéèrè tó ní nọ́ḿbà kalẹ̀, kí ẹ bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti múra sílẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́. Irú ìbéèrè tó máa ń gbé ariwo rere dìde nìyí, ó sì bá àsìkò ọyẹ́ mu:

"Kọ́ńtírólà kan ní òpin 150V lẹ́nu páńẹ́lì. Páńẹ́lì mẹ́ta wà ní síríìsì, Voc (fólítéèjì páńẹ́lì nígbà tí nǹkan kan kò fa iná lára rẹ̀) ọ̀kọ̀ọ̀kan 49.5V. Ṣé ó dára?"

Ẹnìkan á sáré sọ pé 148.5V ni, kò tó 150, ó dára. Kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn á rántí pé 25°C ni wọ́n fi kọ nọ́ḿbà yẹn sára páńẹ́lì, pé bí páńẹ́lì bá ṣe ń tutù ni fólítéèjì rẹ̀ ń gòkè, ní nǹkan bíi 0.28% fún 1°C. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí òtútù bá dé 18°C, iyàtọ̀ jẹ́ 7°C, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2%. 148.5V á di nǹkan bíi 151.4V, bí oòrùn bá ṣe ń yọ tí kọ́ńtírólà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kọ́ńtírólà tó ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹrin á wá kú ní oṣù kejìlá, wọ́n á ní ayé ni. Ẹ fi ìbò WhatsApp béèrè "ó dára" tàbí "kò dára" ṣáájú, kí ẹ tún béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnìkan kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ní ìlà márùn-ún kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó wọ inú Sheet náà.

Ní ti ìkíni, àdúrà àti ọjà títà, a mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí ẹ fòfin de gbogbo rẹ̀. A kò sí lára wọn. Ẹni tí wọn kò lè kí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tí kọ́ńtírólà bá kú. Ẹ kàn ṣí gúrúpù kejì lábẹ́ Community kan náà fún ìwọ̀nyẹn. Ọjà, kó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ń tà á sì kọ iye owó, ìlú tó wà, àti Ah tàbí W tó jẹ́. Òṣèlú kò ní yàrá kankan.

Ẹ má dá gúrúpù tì kí admin nìkan máa sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ admin mẹ́ta, kí ọ̀kan mọ lithium dáadáa. Ìkìlọ̀ ìkọ̀kọ̀ méjì ni kó ṣáájú yíyọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè sínú àpèjúwe gúrúpù, níbi tí kò ti ní sọnù, torí ohun tí ẹ bá so mọ́ òkè ìjíròrò ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìgbà tó pẹ́ jù tí WhatsApp gbà kí ọ̀rọ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti tó fún ìdánwò. Ẹ so òfin àbọ̀ mọ́ òkè lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, kí ẹ sì kọ iye ìbéèrè tó wọlé láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tó bá jábọ́, ẹ ka iye tó ní àbọ̀ nínú wọn, kí ẹ gbé nọ́ḿbà méjèèjì síta.

Àwa ni,
oníṣẹ́ sólà mélòó kan ní ìwọ̀-oòrùn Kogí